Awò Tí A Fi Àáró Ṣe

Àwọn tó mọ̀ mí dáadáa mọ̀ pé bí Àgùàlà bá ti yọ lápá ìwọ̀ oòrùn nírọ̀lẹ́, n kì í wọlé. Mo máa ń gbé àga síta, mo máa ń jókòó wò ó títí yóò fi wọ̀. Wọ́n á ní, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìràwọ̀ tó báyìí, kí ló dé tí ẹ kò ra awò gígùn tí wọ́n fi ń wò ó? Ọmọ mi obìnrin kan tiẹ̀ ní òun yóò rà á ránṣẹ́ sí mi láti ìlú òyìnbó. Mo ní kó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Kò bi mí nídìí, èmi náà kò sọ. Òní ni n ó sọ ọ́.

Mo ti ní awò rí. N kò rà á. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣe é, ní Ṣábẹ̀, ní àwọn ọdún tí òmìnira ṣì tutù lára wa. Èmi àti ẹnì kan la jọ ṣe é, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Bí ẹ bá rí i pé mo ń pè é ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ mi yìí, tí n kò pè é ní "wọ́n" bí a ti ń pe àgbà, ẹ má rò pé ilé ò kọ́ mi. Ilé kọ́ mi. Ọ̀wọ̀ yẹn ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì padà wá mọ́.

Ará Kétu ni mí. Aránṣọ ni bàbá mi. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, tí kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, ó ra awò ojú kan lọ́wọ́ Haúsá tó ń kiri. Kò pẹ́ tí ewúrẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, tí dígí apá ọ̀tún fọ́. Bàbá mi kò ra òmíràn. Ó ń di ojú kan, ó ń fi dígí tó kù ríran, ó sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní ilé pín ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n pín agbádá, wọ́n wá bi mí ní ohun tí èmi fẹ́. Mo ní awò ojú. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí ìjọba gbé mi lọ sí Ṣábẹ̀ láti lọ máa kọ́ ọmọ níwèé, inú àpótí mi ló wà, mo fi àkísà aṣọ tí bàbá mi rán kù wé e.

Ẹ̀gbọ́n ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣáájú mi. Ará Sàkẹ́tẹ́ ni, tíṣà bíi tèmi, ó sì fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ. Ó gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀. Òun ló wá ilé tí mo gbé, òun ló dúró bí ẹbí mi nígbà tí mo lọ tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Boni. Ẹni tó bá ti gbé ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀ rí mọ ohun tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ jẹ́ fún ni. Mo fẹ̀yìn tì í pátápátá.

Bí awò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò ju eré lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo yọ dígí bàbá mi síta, mo gbé e sí ọ̀kánkán fèrèsé. Igi mángòrò tó wà níta bọ́ sára ògiri kíláàsì, ó kéré, ó mọ́, ó dorí kodò. Ẹ̀gbọ́n wọlé bá mi. Ó yọ dígí kékeré kan lápò, irú èyí tó ń sọ nǹkan wẹ́wẹ́ di ńlá. Ó fi sójú, ó ní kí n gbé tèmi síwájú òun, kí n máa sún un lọ díẹ̀díẹ̀. Mo sún un títí ó fi pariwo. Ewúrẹ́ tó dúró lórí àpáta lẹ́yìn ojú irin ti wá bá a nímú, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, ó ń jẹ koríko ní ìdoríkodò. Ẹ̀rín pa wá títí a fi jókòó sílẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló dá àbá àáró. Ẹ mọ àáró: èmi bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ bá mi kọ tèmi lọ́la. Kò sówó nínú rẹ̀, ojú nìkan ló ń ti ni bí a bá sá. Ó ní, "Àbúrò, àáró la ó fi ṣe é. Tèmi la ó kọ́kọ́ ṣe, èmi lẹ̀gbọ́n. Bó bá ti parí, tìẹ ló kàn." Dígí ńlá kan ṣoṣo la ní, ti bàbá mi. A fẹnu kò pé òun la ó lò fún tirẹ̀ ná. Bí tirẹ̀ bá ti parí, yóò wá dígí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kútọnu fún ara rẹ̀, yóò sì tú ti bàbá mi sílẹ̀ kí a fi ṣe tèmi. Mo gbà. Ẹni tó ń lọ sí àáró, ọkọ́ rẹ̀ ló ń gbé lọ, ọkọ́ rẹ̀ náà ló ń gbé kọ́ èjìká padà wálé. Dígí yẹn ni ọkọ́ tèmi.

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Kò bá mi yọ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ni, mo ti wí. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Boni, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọkọ́ sókè lọ́jọ́ àáró, wọ́n á kọ́kọ́ gún igi kan mọ́lẹ̀ níbi tí iṣẹ́ yóò dé. Bí ẹ bá ti kọ ebè débi igi, ó parí nìyẹn, ì báà jẹ́ pé olóko ṣì ń wo igbó tó kù níwájú. Ó bi mí pé, "Níbo lẹ gún igi sí?"

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, a kì í gún igi fún ẹ̀gbọ́n ẹni. Ó ní ó dáa. Ó padà sídìí iná rẹ̀.

Ọ̀pá ọparun la kọ́kọ́ lò. A fi irin gbígbóná dá kókó inú rẹ̀ lu, a ki dígí bàbá mi sí ẹnu kan, a ki dígí kékeré tirẹ̀ sí ìkejì. Ọyẹ́ ọdún yẹn kò jẹ́ kó pẹ́, ó là á láti òkè délẹ̀. A mú páálí, a fi ẹ̀kọ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ mọ́ra ní ìpele-ìpele, ó dúró dáadáa títí òjò àkọ́rọ̀ fi bá a lórí àpáta tí a ti ń wo ojú ọ̀run, tó rọ̀ jọ̀bọ̀. Páànù ló gbẹ̀yìn. Èmi ni mo ká a, èmi ni mo fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọ ara wọn, àpá ibi tó ti gé mi lọ́wọ́ ọ̀tún ṣì wà níbẹ̀ di òní. Páànù ń tàn nínú, ìmọ́lẹ̀ ń fò kiri nínú rẹ̀, a kò rí nǹkan kan ju funfun lọ. Ìyàwó mi ló ha dúdú ìdí ìkòkò rẹ̀ fún wa, a pò ó mọ́ ẹ̀kọ, a fi kun inú páànù. Ó ní orogún òun nìyẹn, pé obìnrin wo ni ọkọ rẹ̀ ń kùn ní dúdú, tó ń gbá mọ́ra lórí àpáta nírọ̀lẹ́. Òótọ́ ni pé mo ń gbá a mọ́ra.

Ìyẹn náà kò tó. Oṣù tí a ń wò ní òṣùmàrè létí, àwọ̀ pupa àti aró ń ṣàn yí i ká. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé etí dígí náà ló ń ba àwòrán jẹ́, pé bí a bá fi páálí bo etí rẹ̀, tí a dá ihò sáàárín, yóò mọ́. Ẹ̀gbọ́n bínú. Ó ní ta ló ń fi ọwọ́ bo ojú kó tó ríran. Mo gé páálí náà láìgbàṣẹ, mo fi sí i. Ó wò ó, ó tún wò ó, ó wá ní àwa mà mọ nǹkan ṣe o. "Àwa" ló wí. Inú mi dùn sí "àwa" yẹn débi pé mo gbé e sùn.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà pé iṣẹ́ ti parí ni Àgùàlà. Àwọn ènìyàn rí Àgùàlà tó ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Àgbà á ní rárá o, Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, n kò bi ara mi rí pé kí ló wá jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ kejì tí a fi ń ṣe awò yìí, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, òkè ṣì pupa, àwọn ọmọ ṣì ń fa omi nísàlẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi ojú sí i. Ohun tí mo rí kì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Oṣù ni. Oṣù kékeré, ó tẹ̀ kọrọdọ bí èékánná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ó mọ́ tónítóní. Omi bọ́ lójú mi. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ ju pé dígí tí bàbá mi fi ń wá ihò abẹ́rẹ́ ni mo fi rí i.

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ó jókòó sórí àpáta, ó di orí mú. Ìyàwó mi náà gun òkè wá, ó wò ó pẹ́. Ó ní ajá wo ló jọ olówó rẹ̀ tó báyìí? Láti ọjọ́ yẹn kò pe awò náà lórogún mọ́.

Mo wá sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ó jọ pé a ti débi igi. Ó ní kò tíì tó, pé ẹsẹ̀ tí a gbé awò lé ń mì. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Mo gbẹ́ ẹsẹ̀ igi mẹ́ta tuntun, mo so àpò yanrìn rọ̀ sáàárín wọn, mímì náà dáwọ́ dúró. Mo tún bi í. Ó ní ibi tí a ń gbé ojú sí ń dun òun. Mo fi awọ ewúrẹ́ yí i ká. Mo tún bi í. Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ gùn sí i díẹ̀, bóyá yóò mọ́ sí i. Mo ṣàlàyé fún un pé gbogbo dígí ló ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Pé bí a bá ti tún awò ṣe débẹ̀, ohun yòówù tí a bá tún lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Pé ohun tó kàn ni dígí tó tóbi jù, bí òun fúnra rẹ̀ ti wí. Ó ní sùúrù ni baba ìwà. Ó ní a kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀. Òwe ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹ̀wà nínú ìkòkò. Lákòókò vakáńsì ńlá, tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi, ó lọ sí Kútọnu, ó padà dé, n kò rí dígí kankan. Ó ní òun gbàgbé.

Ìyàwó mi kàn máa ń bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo bá ti ń múra láti lọ síbẹ̀, pé ṣé oko ẹ̀gbọ́n yín ò tíì tán ni?

Òyìnbó kan wà tó ń mójú tó oko òwú lọ́nà Ofè. Àwọn òyìnbó ń kó ẹrù wọn lọ díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, ọmọ ilẹ̀ wa ló fẹ́ gba ipò tirẹ̀ náà. Ó ti gbọ́ nípa awò wa, ó wá wò ó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ń fi Faransé ṣàlàyé fún un ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi ń di ẹsẹ̀ awò mú torí afẹ́fẹ́. Èmi ni mo lọ bu omi wá fún un. Nígbà tó rí Àgùàlà, ó bú sẹ́rìn-ín bí ọmọdé, ó bọ Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ títí. Ó mi orí sí èmi náà. Bí mo bá rò ó lónìí, mo mọ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ ló pè mí.

Vakáńsì ọdún dé. Mo bá ìyàwó mi lọ sí Boni, mo bá àwọn àna mi kọ ebè iṣu. Ibẹ̀ ni mo ti fi ojú mi rí igi tí ìyàwó mi ń wí. Ẹ̀ka igi lásán ni, wọ́n gún un mọ́lẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Nígbà tí a débẹ̀, ẹni tó loko ló kọ́kọ́ gbé ọkọ́ sílẹ̀, tó ní ó tó, ẹ kú iṣẹ́. Ó ṣì ní igbó níwájú. Olúkúlùkù nu ọkọ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká, a sì jọ ń tò lọ sílé. Mo ní bí mo bá padà dé Ṣábẹ̀, mo máa sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n kedere, pé kó tú dígí mi fún mi. Mo ti rí páànù tí n ó lò. Mo ti fojú díwọ̀n rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tí mo dé ni mo lọ kí i. Lórí tábìlì rẹ̀ ni awò idẹ kan wà, ó ń dán yànrànyànràn, irú èyí tí a ń fà jáde láti inú ara rẹ̀. Igun ilé tí tiwa máa ń dúró sí ṣófo. Ó dìde, ó dì mọ́ mi. Ó ní, àbúrò, a ti bọ́ nínú ìyà. Òyìnbó fẹ́ràn awò páànù náà, ó fẹ́ ẹ bí ohun ìrántí, òun sì ti fi gba awò gidi lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bi í pé dígí bàbá mi ńkọ́? Ó ní inú rẹ̀ ló wà, báwo ni òun ìbá ṣe tú u? Ó ní òyìnbó fẹ́ gbé e kọ́ ara ògiri ní ilé rẹ̀. Ara ògiri. Ẹni tó wí pé kò tíì tó, kò tíì tó, láti ọyẹ́ dé ọyẹ́, ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi rí i pé ó ti tó láti gbé fún ẹlòmíràn. Mo jáde láìdágbére.

Wọ́n sọ fún mi pé òyìnbó náà ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láàárọ̀. Mo wà ní ibùdókọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ń kó àpò òwú sínú ọkọ̀, ìyẹn ló dá a dúró. Mo rí awò mi láàárín ẹrù rẹ̀, wọ́n fi ẹní wé e, awọ ewúrẹ́ tí mo rán yọ orí síta. Mo kí òyìnbó náà, mo ṣàlàyé fún un. Ó tẹ́tí sí mi, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun kọ́ nìyí. Ó ní tíṣà àgbà yẹn sọ pé òun nìkan ló ṣe awò náà, àti pé dígí iwájú rẹ̀, láti inú awò ojú bàbá òun tó ti kú ni. Pé bàbá òun jẹ́ aránṣọ, ó ń di ojú kan. Òyìnbó ní ìtàn yẹn gan-an ló wọ òun lára, tí òun fi yọ̀ǹda awò idẹ tó jẹ́ ti bàbá bàbá òun.

Dígí, mo lè fara dà á. Páànù, mo lè ká òmíràn. Ṣùgbọ́n ó ti mú bàbá mi, ó ti mú ewúrẹ́ tó tẹ awò, ó ti mú ojú kan tí bàbá mi ń dì, gbogbo ohun tí mo sọ fún un lórí àpáta ní ìrọ̀lẹ́ tí ọkàn mi rọ̀, ó fi ṣe ọjà. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Òyìnbó náà kò burú. Ó ní bí mo bá lè gbé awò idẹ òun padà kí ọkọ̀ tó gbéra, kí n gba tèmi. Mo sáré.

Ẹ̀gbọ́n wà ní kíláàsì, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, àwọn ọmọ ń ka ìwé tẹ̀lé e. Ó jáde wá bá mi lábẹ́ mángòrò. Mo mí hẹlẹhẹlẹ, mo sọ ohun tí òyìnbó wí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, lójú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi kí n sáré dé ibẹ̀.

Ó ní kí n dìde. Ó ní, "Títí di ìgbà wo la ó máa fi páànù àti dúdú ìkòkò ṣeré? Èyí tí mo gbà yìí, tiwa ni. Ta ló ń gbé idẹ lọ fi gba páànù padà?"

Mo ní, "Ẹ ti sọ fún òyìnbó pé bàbá yín ló ni dígí."

Ó wo ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Bàbá rẹ, bàbá mi, ṣé kì í ṣe ọ̀kan náà ni?"

Ohun tí a fi ń di ara wa mú nílẹ̀ àjèjì ló ká mọ́ mi lọ́rùn. Ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè. Ó padà sínú kíláàsì, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà níbi tí wọ́n dé. Mo dúró lábẹ́ mángòrò títí ariwo ọkọ̀ náà fi lọ lójú irin, tí n kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Dirẹkitọ̀, olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa, pè wá. Àwọn tíṣà yòókù bẹ̀ mí. Gbogbo wọn ló ní ẹ̀gbọ́n ni, pé kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà, kí n gbé e mì. Mo ń kí i láàárọ̀ nítorí pé àgbà ni. N kò fi ẹnu mi pe Ẹ̀gbọ́n mọ́.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, tí Àgùàlà ti ń rẹlẹ̀ sún mọ́ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí, tí yóò kúrò lójú ìrọ̀lẹ́ láìpẹ́, Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ó ní kí n wá sórí àpáta. N kò fẹ́ lọ. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ, pé òun yóò sìn mí dé ìsàlẹ̀. Bóyá ó rò pé Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bẹ̀ mí ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, kí n má purọ́.

Ó ti gbé awò idẹ náà lé ẹsẹ̀ igi mẹ́ta tí mo gbẹ́. Àpò yanrìn mi ṣì rọ̀ sáàárín rẹ̀. Ó ní kí n wò ó. Mo kúnlẹ̀, mo fi ojú sí i. Mo wá Àgùàlà títí mo fi rí i. Kò sí oṣù níbẹ̀. Fìtílà tí wọ́n tàn nínú èéfín ni mo rí, ó rú, ó tàn káàkiri, kò ní etí. Mo fa awò náà síwájú, mo tì í sẹ́yìn, bákan náà ni. Mo yí i sí ìmọ́lẹ̀ tó kù lójú ọ̀run, mo yẹ̀ ẹ́ wò: inú dígí rẹ̀ ti bu, ó bu bí àkàrà tó pẹ́ nílẹ̀, níbi tí ọwọ́ kankan kò lè dé láti ìta. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ló ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tó pẹ́. Awò páànù mi, tó wà lára ògiri ẹnì kan báyìí, sàn jù ú lọ.

N kò yọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń fi nǹkan rere lọ̀ mí. Ó ní, "Ó ku díẹ̀ káàtó, èmi náà rí i. Ìwọ lo mọwọ́ rẹ̀. Bá mi tú u, ká nù ún, ká tún un ṣe. Bí èyí bá ti parí, tìẹ ló kàn."

Mo dìde. Eruku àpáta wà lórúnkún mi, n kò gbọ̀n ọ́n.

Mo ní, "Ọkọ́ mi dà?"

Mo dúró dè é díẹ̀, torí pé ó yẹ kí a fún àgbà láàyè kó dáhùn. Lẹ́yìn náà mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi dúró sí ìsàlẹ̀ àpáta bó ti wí. Ó wo ọwọ́ mi ọ̀tún, ó wo tòsì, ó wo èjìká mi. A jọ ń lọ sílé.